Bí ẹ ṣe máa dá ewé tí ìjàpá yín lè jẹ mọ̀ nínú ọgbà n'Íbàdàn

Ẹni tó ń sin ìjàpá n'Íbàdàn kò ní láti náwó gọbọi lórí oúnjẹ rẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, títí di oṣù kẹwàá, oúnjẹ rẹ̀ ń hù lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ògiri, àti lójú ọ̀nà géètì. Ibi tí oúnjẹ ti ń hù náà ni májèlé ti ń hù, ìyẹn ni wàhálà ibẹ̀. Pápásan á tẹ́ sílẹ̀, àbámọ̀dá á dúró tì í, ìjàpá á sì gba àárín àwọn méjèèjì kọjá pẹ̀lú ẹnu tó ya sílẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ń yẹ ewé wò, n kò sì fọkàn tán ìkankan nínú wọn. Èkíní ni "ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́". Ikùn alápá mẹ́rin ni ewúrẹ́ ní, àwọn kòkòrò tíntìntín inú rẹ̀ sì máa ń fọ́ oríṣiríṣi oró kí oró náà tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ìjàpá kò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Èkejì ni "àwa náà ń jẹ ẹ́". Àwa ń sè é ni. Ewé pákí, ewé kókò, òdú: iná àti omi gbígbóná tí a dà nù ló ń bá wa pa oró wọn, ìjàpá sì ń jẹ tirẹ̀ ní tútù. Ẹ̀kẹta ni "òun fúnra rẹ̀ á mọ èyí tí kò dáa". Ìjàpá ọkọ Yánníbo inú àlọ́ ló gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n sé mọ́ inú ọgbà yóò bu ohunkóhun tó bá kàn án lẹ́nu jẹ wò. Ọ̀pọ̀ òdòdó tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa: láti apá ibi tó móoru ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀wọ̀n adẹ́lẹ̀, alamáńdà àti olómi-òjò ti wá. Baba ńlá ìjàpá yín kò bá wọn pàdé rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìjàpá tó wà lọ́wọ́ yín

Ewé tó dáa fún ọ̀kan lè máà tó òmíràn jẹ. Ẹ gbé e sókè, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìkarahun rẹ̀ bá ní oríkèé lápá ìdí, tó lè pa á dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, ìjàpá igbó ti ìhà tiwa nìyẹn, àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn ní Kinixys. Nígbà tó bá ṣì kéré, oríkèé náà lè máà tíì hàn dáadáa. Òjìji àti ilẹ̀ tútù ni ó fẹ́. Kì í ṣe ewé nìkan ló ń jẹ: olú, èso tó já bọ́, ìgbín àti ekòló wà nínú oúnjẹ rẹ̀ nínú igbó.

Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bí yanrìn, tí ìpẹ́ tó nípọn bo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tí ìwo kéékèèké sì yọ ní itan rẹ̀ lẹ́yìn, ti òkè ọya lọ́hùn-ún ni, ti etí aṣálẹ̀ Sàhẹ́lì, èyí tí wọ́n ń pè ní sulcata. Èyí lè ju 80 kílò lọ tó bá dàgbà tán, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan. Kí ẹni tó rà á ní kékeré mọ ohun tó gbé wálé. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀, ohun yòókù kàn ń fi kún un ni. Èso dídùn máa ń da inú rẹ̀ rú, torí náà kí ẹ má fi ìbẹ́pẹ kẹ́ ẹ.

Bí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ní awọ láàárín bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, inú omi ló ń gbé. Ẹ má fi ewé dá a dúró. Ìtọ́sọ́nà yìí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí a ṣe ń wo ewé

Àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ewé mọ̀. Ẹ mú ẹ̀ka kan tó pé, kì í ṣe ewé kan ṣoṣo, kí ẹ wò ó báyìí. Ṣé ewé méjì-méjì ló kọjú sí ara wọn lórí igi, àbí ọ̀kan-ọ̀kan ni wọ́n ń yọ, àbí mẹ́ta mẹ́rin ló yí ojú kan po? Ṣé etí rẹ̀ rí gbẹ̀dẹ̀, àbí ó ní eyín bíi ti ayùn? Ṣé ó nírun? Ẹ ṣẹ́ igi rẹ̀: ṣé oje tó jáde mọ́ bí omi, àbí ó funfun bíi wàrà? Ẹ fi ìka rún ewé: ṣé ó yọ̀, ṣé ó ń rùn? Lẹ́yìn náà ni ẹ wá wo òdòdó. Bí kò bá tíì yọ òdòdó tí ẹ sì ń ṣiyèméjì, ẹ dúró dè é. Òdòdó ni kì í fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Kí ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan oje funfun, kí ẹ má sì fi nu ojú, torí oje ọrọ́, igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń sun wàrà, lè fọ́ ojú èèyàn.

Ọ̀pọ̀ gbà pé gbogbo ewé tó bá ń sun oje funfun ni májèlé. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò, ṣùgbọ́n kò pé. Yánrin ń sun oje funfun, ó sì wà lára ewé tó dára jù lọ fún ìjàpá. Ewé kókò kò sun wàrà kankan, inú rẹ̀ sì kún fún kírísítálì wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́ tó ń gún ẹnu àti ọ̀fun. Nítorí náà, bí ẹ bá rí oje funfun lára ewé tí ẹ kò mọ̀, ẹ yẹra. Bí ẹ kò bá rí i, ìyẹn kò tíì sọ pé ewé náà dáa.

Fóònù lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ya òdòdó, ojú ewé, ẹ̀yìn ewé àti igi rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi Google Lens wá a. Ohun tó bá sọ, àbá ni, kì í ṣe ìdájọ́. Àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjàaba mọ ewé ju fóònù lọ fíìfíì, pàápàá ewé ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀ka náà dání lọ, ẹ má fẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ rẹ̀ nìkan. Bóyá ìjàpá lè jẹ ẹ́ kì í ṣe ìbéèrè tiwọn, ara èèyàn ni wọ́n mọ ewé mọ́.

Èyí tó bá ta kókó, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwádìí igbó, FRIN, ní Jẹ́ríkò. Ibẹ̀ ni Forest Herbarium Ibadan wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ káàkiri Nàìjíríà fún ìdámọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní irú rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko. Bí ẹ ó ṣe gbé e lọ nìyí: ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó, èso náà bó bá wà, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ gbé ohun wíwúwo lé e, ẹ kọ ọjọ́, àdúgbò, bí ó ṣe ga tó, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sórí ìwé, torí àwọ̀ máa ń ṣá tó bá gbẹ.

Àwọn tí ẹ lè fún un

Koríko ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, pàápàá fún ará Sàhẹ́lì. Koríko kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé, koóko ìgbá tó ń rá lọ nílẹ̀, ẹ̀ẹ́ran, èèsún tó ṣì ń rọ̀, ewé àgbàdo: gbogbo wọn dáa. Ẹ yọ ewé ọkà bàbà kúrò nínú rẹ̀, torí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, oró sáyánáìdì wà nínú rẹ̀. Ará Sàhẹ́lì á jẹ koríko bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí alẹ́. Ìjàpá igbó kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, ewé tó rọ̀ ló fẹ́.

Lẹ́yìn koríko, èmi máa ń fi yánrin ṣíwájú. Ewé rẹ̀ ń yọ láti ilẹ̀ ní pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ya bí eyín, òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, oje rẹ̀ sì funfun. Ẹni tí kò bá ní in lọ́gbà lè rí i rà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Bódìjà nígbà tó bá tó àsìkò. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà ni ẹ̀bọ̀lọ̀. Òun náà ń hù lójú ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, òdòdó tirẹ̀ náà ń di òwú funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbé, nítorí náà kí ẹ má fi òwú dá wọn mọ̀. Orí òdòdó ẹ̀bọ̀lọ̀ máa ń tẹ̀ ba, ó pupa rẹ́súrẹ́sú ní ṣóńṣó, ewé rẹ̀ ń rùn kíkan bí ẹ bá rún un, kò sì sun oje funfun. Níbí, oje funfun ni àmì ìre. Ẹ̀bọ̀lọ̀ dùn lọ́bẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní èròjà kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìjàpá tó ń jẹ ẹ́ ní tútù lójoojúmọ́ kò ní ṣàìsàn lónìí tàbí lọ́la, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń rò pé kò ṣe é ní nǹkan kan.

Háíbískọ́ọ̀sì, òdòdó pupa tí ọ̀pọ̀ ilé ní Bódìjà àti Jẹ́ríkò fi ṣe ọgbà yí ilé ká, jẹ́ oúnjẹ láti ewé dé òdòdó. Ìbátan rẹ̀ ni ilá, ewé ilá náà sì dáa. Ìṣápá wà nínú ìdílé kan náà, àmọ́ kíkan ewé rẹ̀ ní kí a dín in kù. Bí ẹ bá rún ewé háíbískọ́ọ̀sì, yóò yọ̀ lọ́wọ́ yín. Àárín òdòdó rẹ̀ ní ọ̀pá gígùn kan tó yọ síta, tí lẹ́búlẹ́bú wà lórí rẹ̀. Háíbískọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè wà o, ibẹ̀ ni ewu wà. Alamáńdà náà jẹ́ ìyeyè, ó rí bíi fèrè, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀pá láàárín, ewé rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yí ojú kan po, ó sì ń sun oje funfun. Olómi-òjò náà ìyeyè, ewé tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn bí abẹ, èso rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ pẹ̀lú kóró líle nínú. Gbogbo ara olómi-òjò ló ní oró tó ń da ọkàn dúró. Kóró rẹ̀ ti pa èèyàn rí, kí a tó wá sọ ti ìjàpá.

Pápásan wà fún ìgbà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ojoojúmọ́. Igi rẹ̀ pupa, ó ń dán, ó sanra, ewé rẹ̀ rí bí ṣíbí kékeré, òdòdó ìyeyè rẹ̀ ń ṣí láàárọ̀, oje rẹ̀ sì mọ́ bí omi. Ẹmi ilẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ń hù láàárín búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ kan náà. Ewé tiwọn tín-ín-rín, kò sanra, bí ẹ bá já wọn, wàrà ni. Ẹ já ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó kó o sínú abọ́. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀.

Rinrin tó ń hù níbi omi ẹ̀rọ ń kán sí kò léwu, ìjàpá igbó sì fẹ́ràn ìrọ̀rùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gòdògbódò, òdòdó búlúù kékeré yẹn. Ewé ọ̀dùnkún dáa ní ìwọ̀nba. Ewé ewédú dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ yọ èso rẹ̀ kúrò, torí kóró ewédú ní oró ọkàn tó jọ ti olómi-òjò. Ẹni tó bá gbin ewédú tó sì jẹ́ kó gbó nínú ọgbà ìjàpá kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ti ọrọ́ agogo, èyí tó rí pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́: oúnjẹ àtàtà ni fún ará Sàhẹ́lì, bí ẹ bá ti ha ẹ̀gún rẹ̀ kúrò pátápátá, títí kan àwọn wẹ́wẹ́ tí ojú kì í tètè rí. Ọrọ́ kejì, tí igi rẹ̀ ní igun, tí ẹ̀gún rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, tí wàrà ń tú jáde níbi tí ẹ bá ti gún un, kí ẹ má gbé e súnmọ́ ìjàpá rárá.

Ẹ̀fọ́ tó ń fa kálísíọ́ọ̀mù mọ́ra

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, gbúre àti pápásan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe májèlé. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxalate pọ̀ nínú wọn, ó sì ń di kálísíọ́ọ̀mù mú kí ara má baà rí i lò. Ìjàpá ń lo kálísíọ́ọ̀mù gan-an torí egungun àti ìkarahun rẹ̀. Èyí tí kò bá rí i tó, ìkarahun rẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, kò ní lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ó kéré tán, kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́ọ̀sì inú rẹ̀. Ìbẹ́pẹ pípọ́n kájú ìwọ̀n yẹn fún ìjàpá igbó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò súnmọ́ ọn.

Ẹ fọ èèpo ẹyin, ẹ yan án kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ máa bù ú wọ́n ewé. Ẹ jẹ́ kí oòrùn máa tà sí i lára pẹ̀lú, ní ìta gbangba, kì í ṣe láti ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé, torí gíláàsì ń dí ìtànṣán tí ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D. Kábééjì àti létúùsì? Omi ló pọ̀ nínú létúùsì, kábééjì sì lè da ẹṣẹ́ ọrùn rú bó bá di ojoojúmọ́. Ẹ má fi wọ́n ṣe oúnjẹ.

Àwọn tí ẹ máa hú tàbí tí ẹ máa fi ọgbà yí ká

Àbámọ̀dá àti ọ̀dúndún ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, torí pé inú ilé wa ni wọ́n wà, a sì fẹ́ràn wọn. Ewé ẹ̀rọ̀ ni ọ̀dúndún lọ́wọ́ àwa, ṣùgbọ́n oró ọkàn wà nínú àwọn méjèèjì, irú wọn ti pa màlúù ní ilẹ̀ Ọsirélíà àti ní Gúúsù Áfíríkà. Òdòdó wọn ló burú jù. Ewé àbámọ̀dá kan tó bá já bọ́ yóò yọ ọmọ ní etí, nítorí náà híhú lẹ́ẹ̀kan kò tó, ẹ ṣa ewé tó já sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò, kí ẹ gbé e sókè.

Làrà àti làpálàpá, kóró wọn ló burú jù. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lẹ̀. Kórótọ̀n. Ojà ìkòokò. Pérégún. Gbogbo ìdílé ewé kókò, títí kan àwọn aláràbarà tí àwọn olódòdó ń tà sínú ìkòkò. Ewé pákí. Òdú àti ewé tòmátì. Píà, ewé àti èso. Dongoyárò. Ewé Akíntọ́lá, tí kò sí ilẹ̀ àìkọ tí kò sí n'Íbàdàn.

Ẹ gbójú sókè náà. Ilẹ̀ ni ìjàpá ti ń jẹun, nítorí náà ohun tó ń já bọ́ láti orí igi aládùúgbò ṣe pàtàkì bí ohun tí ẹ gbìn. Olómi-òjò tó wà ní òdìkejì ògiri máa ń da òdòdó àti èso sínú ọgbà yín láti ojúmọ́ dé alẹ́. Ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, tàbí kí ẹ gbé ibùgbé ìjàpá lọ sí ìhà kejì. Gbígbá ilẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń sú èèyàn.

Ibi tí ẹ ti já a

Ewé tó dáa lè di májèlé ní ibi tó ti hù. Ẹ má já ti etí títì tí wọ́n ń fọ́n oògùn apakoríko sí, ẹ má já ti etí gọ́tà, ẹ má sì já ti ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ tí èéfín ti bò. Bí aládùúgbò bá fọ́n oògùn, ẹ má kà á sí pé koríko tó ṣì tutù kò ní í nínú, ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ́n. Òdòdó tí ẹ bá rà lọ́wọ́ olódòdó, oògùn kòkòrò lè wà nínú oje rẹ̀ tí fífọ̀ kò lè mú kúrò. Ewé tuntun tó bá hù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni kí ẹ já.

Bí ẹ bá ti mọ ewé kan dájú, ẹ fi díẹ̀ kún oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára, ewé tuntun kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti fífi ìjàpá dán ewé tí ẹ kò mọ̀ wò. Èyí tí ẹ kò mọ̀ kò gbọdọ̀ dé abọ́ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á gbẹ. Ẹ gé koríko kó tó yọ òdòdó nígbà òjò, ẹ sá a síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ kó o jọ nígbà tó bá gbẹ tán. Èyí tó bá ti bu, tí funfun hàn lára rẹ̀, ẹ dà á nù. Háíbískọ́ọ̀sì tí ẹ ń bomi rin kì í wọ́wé tán, òun ló máa ń gbé ìjàpá igbó la oṣù kejìlá sí oṣù kejì já, pẹ̀lú abọ́ omi tí kò jìn tó lè wọ̀ fúnra rẹ̀.

Bó bá ti jẹ èyí tí kò yẹ

Ìjàpá kì í pariwo. Ẹ wo ìfófòó lẹ́nu, ẹnu tó wú, ọrùn tí kò lè gbé dúró, ìgbẹ́ gbuuru, tàbí kó kàn máa jókòó síbi kan lásìkò tó máa ń rìn. Ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá gbà, ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ kó lè mu. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má rọ mílíìkì. Mo mọ̀ pé ohun tí ilé púpọ̀ á kọ́kọ́ nawọ́ mú nìyẹn, ṣùgbọ́n epo tí a fipá rọ lè gba ibi èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì pa oró kankan.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko, ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí, láìdúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gé ẹ̀ka ewé tó jẹ, tòun ti òdòdó, sínú nylon, kí ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ dání bó bá yà. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ewé náà, ẹ má fi orúkọ àfẹnusọ kan dá dókítà lóhùn. Ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi hàn án.